Aago Ọwọ́ Olówó Ńlá Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Fara Pamọ́ Sẹ́yìn Ojú: Ìfiwéra fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Yàn

Ọ̀pọ̀ aago ọwọ́ olówó ńlá ni ó máa ń kó gbogbo ohun tí ó lè ṣe síwájú, kí ẹni tí ó jókòó sí òdìkejì tábìlì lè rí i kí ó sì bèèrè. Àwọn kan wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú wọn kò ju ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta àti àmì wákàtí méjìlá lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ojú náà ni tourbillon, àgò kékeré tí a ṣe kí aago lè péye, ti ń yí, tàbí kí òòlù kéékèèké méjì máa dúró de ìgbà tí a óò pè wọ́n, tàbí kí odindi ojú kejì wà níbẹ̀ tí ó ń ṣe ìṣirò òṣùpá àti ìràwọ̀. Irú àwọn aago bẹ́ẹ̀ ni ìfiwéra yìí dá lé lórí.

Ohun tí àwọn olùrà sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni iye iṣẹ́ àfikún tí aago náà ní, ìyẹn iye ohun tí ó ń ṣe yàtọ̀ sí pé ó ń sọ wákàtí. Ní tèmi, ìbéèrè mìíràn ni ó yẹ kí ó ṣáájú: nígbà tí mo bá wọ aago yìí sọ́wọ́, báwo ni èmi àti iṣẹ́ tí ó fara pamọ́ náà yóò ṣe máa pàdé? Ó lè jẹ́ pé a kò ní pàdé rárá, tí yóò kàn máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí wákàtí tí mo ń kà lè péye. Ó lè jẹ́ pé mo ní láti yí aago náà padà, tàbí kí n bọ́ ọ, kí n tó rí i. Ó lè jẹ́ pé etí nìkan ni n ó fi mọ̀ pé ó wà. Ó sì lè jẹ́ pé iwájú gan-an ni ó wà, ṣùgbọ́n tí ó sá sábẹ́ ohun mìíràn tí ojú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Aago méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí iye iṣẹ́ inú wọn sì dọ́gba, ṣùgbọ́n bí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí bá yàtọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò jẹ́ fún ẹni tí yóò máa wọ̀ wọ́n lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ tí a kì í rí: tourbillon àti ẹ̀wọ̀n

Aláago Abraham-Louis Breguet gba ìwé àṣẹ lórí tourbillon ní Paris ní ọdún 1801. Aago àpò ni wọ́n ń lò nígbà náà, òòró ni ó sì máa ń wà nínú àpò láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí náà òòfà ilẹ̀ máa ń fa kẹ̀kẹ́ tí ń mì síwá-sẹ́yìn nínú aago, pẹ̀lú sípíríńgì tín-ín-rín tí a so mọ́ ọn, sí ìhà kan náà nígbà gbogbo. Breguet kó kẹ̀kẹ́ náà àti àwọn ẹ̀yà tí ń ta á jí sínú àgò kékeré kan, ó sì jẹ́ kí àgò náà fúnra rẹ̀ máa yí, kí àṣìṣe tí ìhà kan bá fà lè pa ti ìhà kejì rẹ́. Lónìí, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ń yí. Kò sí ohunkóhun nínú iṣẹ́ yìí tí ó béèrè pé kí ojú rí i, fún ìgbà pípẹ́ ni ó sì fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ni àwọn aláago máa ń fi í sí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aago Omega ṣe ẹ̀rọ tourbillon 12 fún aago ọwọ́ ní ọdún 1947, tí àgò wọn ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú méje ààbọ̀, ìdíje ìpéye àkókò ni wọ́n ṣe wọ́n fún, kì í ṣe àfihàn. Ọdún 1986 ni Audemars Piguet gbé aago ọwọ́ tourbillon pẹlẹbẹ jáde, tí wọ́n sì gbẹ́ ihò sí ojú rẹ̀ kí àgò náà lè hàn síta. Láti ìgbà náà ni ihò ojú aago ti di àṣà, tí àwọn tí ó ṣì ń fi tourbillon pamọ́ sì di díẹ̀.

Patek Philippe wà lára àwọn tí ó di ìlànà àtijọ́ mú ṣinṣin jùlọ, ìdí iṣẹ́ sì wà níbẹ̀: ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń mú kí òróró tí a fi ń pa àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tètè gbó. Ẹ̀dà 3939 wọn, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn láti fi ṣe ìwọ̀n fún gbogbo ìyókù. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílímítà 33 lọ, ojú rẹ̀ jẹ́ énámẹ́lì tí kò ní ìhò kankan, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sì rò pé aago ìmúra lásán ni. Tourbillon wà nínú rẹ̀, minute repeater tí ń fi ohùn sọ wákàtí náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀dà 5539 tí ó rọ́pò rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 37, ó sì di ìlànà kan náà mú.

Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Galet Classic Tourbillon Double Spiral ti Laurent Ferrier. Ọkùnrin yìí ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Patek Philippe kí ó tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti wa ọkọ̀ nínú ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans ní ọdún 1979, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ipò kẹta. Aago rẹ̀ àkọ́kọ́ yìí gba ẹ̀bùn aago ọkùnrin tí ó dára jùlọ ní Grand Prix d'Horlogerie de Genève, ìdíje ẹ̀bùn fún àwọn aago, ní ọdún 2010. Ilé aago náà fẹ̀ tó mílímítà 41, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kún ó sì dán bí òkúta etí odò tí omi ti fọ̀, orúkọ Galet sì ti inú ìrísí yẹn wá. Láti iwájú, kò sí ohun tí a óò rí ju ọwọ́ wákàtí, ọwọ́ ìṣẹ́jú àti ojú kékeré fún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Láti ẹ̀yìn, dígí sàfáyà jẹ́ kí a rí tourbillon tí sípíríńgì tín-ín-rín méjì wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kan kọjú sí èkejì, kí ìfàsẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan lè máa tún ti ìkejì ṣe. Bí a bá yí i kún, wákàtí 80 ni yóò fi ṣiṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé tourbillon gan-an ni ẹ ń wá, Galet ni èmi yóò yàn, nítorí pé gbogbo ọgbọ́n tí ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ dojú kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, ohun tí sípíríńgì méjì yẹn ń ṣe sì tún àbùkù gidi kan ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí aago rẹ̀ tún lè sọ̀rọ̀ ni 3939 tàbí 5539 yẹ, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì mọ̀ pé ohùn náà ni yóò máa gbádùn, nítorí pé tourbillon kò ní fi ara rẹ̀ hàn án lọ́nà kankan nígbà tí aago bá wà lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ kan ní gbangba kí a tó tẹ̀síwájú. Apá ènìyàn kì í dúró lójú kan bí àpò aṣọ ti ń ṣe. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìyípadà yẹn fúnra rẹ̀ sì ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí Breguet fi tourbillon ṣe. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń ra tourbillon tí kò hàn síta, ọgbọ́n ọwọ́ àti ìtàn iṣẹ́ náà ni ó ń ra ju ìpéye lọ. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn bí a bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Èyí ni ó mú kí n ya àyè púpọ̀ sọ́tọ̀ fún Richard Lange Pour le Mérite, tí A. Lange & Söhne ṣe ní Glashütte ní Jámánì, tí ó sì jáde ní ọdún 2009. Kò ní tourbillon. Ohun tí ó fi pamọ́ ni ẹ̀wọ̀n kan tí ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ 636, tí ó so àgbá sípíríńgì mọ́ kókó kan tí ó rí bí òkòtó. Gbogbo sípíríńgì ni agbára rẹ̀ máa ń pọ̀ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i kún, tí ó sì máa ń rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń tú. Nígbà tí sípíríńgì bá le, ibi tí òkòtó náà ti tín-ín-rín ni ẹ̀wọ̀n yóò ti máa fà á. Nígbà tí ó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ̀wọ̀n yóò ti dé ibi tí òkòtó ti fẹ̀, bí ẹni tí ó di ọ̀pá gígùn mú kí agbára díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Agbára tí ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn kẹ̀kẹ́ yóò wá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àǹfààní yìí kò bìkítà bóyá apá wà lókè tàbí nísàlẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi gbà pé, nínú àwọn iṣẹ́ tí a kì í rí, òun ni ó ń ṣe ẹni tí ó wọ aago ní àǹfààní jùlọ. Ìyà ibẹ̀ ni pé wákàtí 36 péré ni aago náà ń lò kí ó tó dúró, èyí tí kò tó ìdajì ti Galet. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn láti máa yí aago rẹ̀ ní àràárọ̀ kò ní ka èyí sí nǹkan. Ẹni tí ó ní aago púpọ̀ tí ó sì ń pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́ yóò máa bá a níbi tí ó ti dúró.

Lange kan náà ṣe Lange 1 Tourbillon Perpetual Calendar ní ọdún 2012. Ojú èyí kún fún kàlẹ́ńdà, kò sì ṣeé pè ní aago tí ó dákẹ́, ṣùgbọ́n tourbillon rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Ìpinnu ọlọgbọ́n ni mo kà á sí: ohun tí a ní láti kà lójoojúmọ́ wà níwájú, ohun tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá wa sọ wà lẹ́yìn. Ó tún ń yí ara rẹ̀ bí a bá ti wọ̀ ọ́, èyí sì ṣe pàtàkì gan-an fún aago tí ó ní kàlẹ́ńdà, nítorí pé títún kàlẹ́ńdà tí ó ti dúró tò kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ Duality ti aláago Philippe Dufour, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́sàn-án péré ni ó ṣe láti ọdún 1996, tí ríra rẹ̀ kò sì sí ní àrọ́wọ́tó ọ̀pọ̀ jùlọ ènìyàn. Kẹ̀kẹ́ méjì tí ń mì ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kan ní àárín wọn sì ń mú ìpíndọ́gba àṣìṣe àwọn méjèèjì. Ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa èyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ohun tí a fi pamọ́ ṣe lè jinlẹ̀ tó, kí ó wo àwòrán ẹ̀yìn aago yìí kí ó tó yan èyíkéyìí nínú àwọn tí ó kù.

Ojú kejì, àti bí a ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀

Reverso ti Jaeger-LeCoultre bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1931 fún àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù polo ní Íńdíà, tí bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá máa ń fọ́ dígí aago mọ́ lọ́wọ́. Ilé aago náà máa ń yọ̀ lórí férémù rẹ̀, yóò sì dojú bolẹ̀, kí irin ẹ̀yìn rẹ̀ lè gba ìlù dípò dígí. Ẹ̀yìn tí ó ṣófo yẹn ni wọ́n sọ di ilé iṣẹ́ àfikún ní àwọn ọdún 1990: tourbillon ní 1993, minute repeater ní 1994, Duoface tí ó ní ojú méjì fún àkókò ìlú méjì ní 1994 kan náà, àti Chronographe Rétrograde ní 1996.

Àǹfààní tí Reverso ní lórí gbogbo aago olójú méjì ni pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò ní láti bọ́ ọ. Àtàǹpàkò kan ti tó láti yí i padà lórí ọwọ́. Nítorí èyí, Duoface ni mo kà sí aago tí ó lo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa jùlọ fún ẹni tí ń rìnrìn àjò: ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó ń gbé ojú méjèèjì, ojú kan fún ibi tí a wà, ojú kejì fún ilé, kò sì sí ọwọ́ kẹta tàbí kẹrin tí yóò máa dí ojú lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ chronograph, ẹ̀rọ tí a fi ń díwọ̀n iye àkókò tí nǹkan gbà, nira díẹ̀ sí i. Chronographe Rétrograde ti 1996, tí wọ́n ṣe 500 nínú rẹ̀ ní wúrà pupa, fi wákàtí àti ọjọ́ oṣù sí iwájú, ó sì fi ohun tí a ń díwọ̀n sí ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ kan ti ń ka ìṣẹ́jú títí dé 30 kí ó tó fò padà sí òdo. Àmì kékeré kan wà níwájú tí ń sọ bóyá ẹ̀rọ ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti dúró, mo sì fẹ́ràn àmì yẹn púpọ̀, nítorí pé ó fi hàn pé ẹni tí ó yàwòrán aago náà ronú nípa ẹni tí yóò gbàgbé. Ní ọdún 2023 ni Reverso Tribute Chronograph jáde, òun náà ní ọwọ́ ìṣẹ́jú 30 tí ń fò padà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tún ń sọ wákàtí, a sì lè fi ẹ̀yìn yẹn síta ní gbogbo ọjọ́ bí ó bá wù wá. Bí ẹ bá ń díwọ̀n àkókò lóòótọ́, ti 2023 ni ó wúlò jù, nítorí pé kò ní sí ìgbà tí ẹ óò ní láti yan láàárín mímọ aago tí ó lù àti mímọ iye ìṣẹ́jú tí ó ti kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ iwájú ni ẹ ń wá, kí ẹ̀yìn sì jẹ́ àṣírí, ti 1996 ṣì dára jù lójú mi.

Níbi tí ojú ọ̀run bá ti wọ inú ọ̀rọ̀, Patek Philippe Sky Moon Tourbillon, ẹ̀dà 5002, àti Vacheron Constantin Celestia Astronomical Grand Complication 3600 ni a máa ń fi wé ara wọn. Ti Patek jáde ní ọdún 2001, òun sì ni aago ọwọ́ olójú méjì àkọ́kọ́ wọn. Ẹ̀yà 686 ni ó wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Kàlẹ́ńdà wà níwájú, minute repeater àti tourbillon fara pamọ́ sínú, ẹ̀yìn sì ni àwòrán ìràwọ̀ tí ń yí, pẹ̀lú òṣùpá àti àkókò tí a fi ìràwọ̀ kà. Celestia jáde ní 2017, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣe, tí ó ní iṣẹ́ 23 nínú ẹ̀rọ tí ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ 514, tí nínípọn rẹ̀ kò sì ju mílímítà 8.7 lọ, pẹ̀lú àgbá sípíríńgì mẹ́fà tí ń fún un ní agbára ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yìn ni tourbillon rẹ̀ wà, ní àárín àwọn ìràwọ̀.

Iye iṣẹ́ kọ́ ni ohun tí ó yẹ kí ó darí ẹni tí ó ń yàn láàárín irú àwọn aago wọ̀nyí. A ní láti tú okùn kí a tó rí ẹ̀yìn wọn. Nítorí náà ohun tí ó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn yóò jókòó tì fún ìgbà pípẹ́, ìràwọ̀ sì bá èyí mu ju ìṣẹ́jú lọ. Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò ni pé àwòrán ojú ọ̀run máa ń jẹ́ ti ibì kan pàtó lórí ilẹ̀ ayé. Ẹni tí ń gbé ní ìlàjì gúúsù ayé tí ó bá ra aago tí ìràwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àríwá yóò máa wo òfúrufú tí kì í ṣe èyí tí ó wà lórí rẹ̀. Níwọ̀n bí irú aago báyìí ti máa ń jẹ́ èyí tí a pàṣẹ fún, ó tọ́ láti bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá wọ́n lè ṣe ti ibi tí ẹni náà ń gbé.

Iṣẹ́ tí etí ń gbọ́

Minute repeater ni iṣẹ́ àfikún tí kò tilẹ̀ nílò ojú rárá, láti ìgbà tí kò sí iná mànàmáná tí àwọn ènìyàn sì fẹ́ mọ aago tí ó lù nínú òkùnkùn. A ó ti ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ aago tàbí kí a tẹ bọ́tìnnì, òòlù méjì yóò sì máa lu okùn irin méjì tí ó yí ẹ̀rọ náà ká: ohùn ìsàlẹ̀ fún wákàtí, ohùn méjèèjì papọ̀ fún ìdámẹ́rin wákàtí, ohùn òkè fún ìṣẹ́jú tí ó ṣẹ́kù. Aago kan ku ìṣẹ́jú kan ni ó gùn jùlọ, òòlù yóò sì lù ní ìgbà 32.

Vacheron Constantin Patrimony Contemporaine Ultra-Thin Calibre 1731, tí ó jáde ní 2013, fẹ́ kí a gbàgbé pé ó lè dún. Ẹ̀rọ rẹ̀ nípọn tó mílímítà 3.9, gbogbo aago náà sì jẹ́ nǹkan bí mílímítà 8.1, 1731 inú orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọdún tí wọ́n bí Jean-Marc Vacheron, olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà. Audemars Piguet Code 11.59 Supersonnerie lọ sí ìhà kejì. Lábẹ́ ojú énámẹ́lì tí kò sọ nǹkan kan, wọn kò so okùn irin mọ́ ẹ̀rọ bí ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n so ó mọ́ pátákó tín-ín-rín kan tí ń gba ohùn tí ó sì ń gbé e síta, kí àwọn tí ó wà nínú yàrá lè gbọ́ ọ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ìwà. Ti Vacheron ń sọ̀rọ̀ sí etí ẹni tí ó wọ̀ ọ́, ti Audemars Piguet ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo ilé. Èmi yóò yan ti Vacheron fún ẹni tí ó fẹ́ aago pẹlẹbẹ lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀wù, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra èyíkéyìí nínú wọn láìgbọ́ ohùn ẹyọ náà gan-an tí yóò gbé lọ sílé, nítorí pé ohùn ẹ̀dà kan náà máa ń yàtọ̀ láti aago sí aago. Irú irin tí a fi ṣe ilé aago náà tún ṣe pàtàkì: wúrà pupa máa ń jẹ́ kí ohùn móoru kí ó sì jáde dáadáa, platínọ́ọ̀mù sì máa ń gbé ohùn mì. Fídíò kò lè sọ èyí fún wa. Kí a sì rántí pé púpọ̀ nínú wọn kì í gba omi, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan kókó ẹ̀gbẹ́ láti tún wákàtí tò nígbà tí òòlù bá ń lù lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ lè bàjẹ́ gidigidi.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú tí a kò sì rí

Ẹ̀ka yìí kéré, ṣùgbọ́n òun ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jùlọ. H. Moser & Cie gbé Perpetual 1 jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ tí Andreas Strehler lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn ní Geneva ní ọdún 2006. Kàlẹ́ńdà ayérayé ni, ó mọ oṣù tí ó ní ọjọ́ 30 àti èyí tí ó ní 31, ó sì mọ ọdún tí oṣù kejì máa ń ní ọjọ́ 29. Ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ máa ń ní ojú kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ojú gbọ́dọ̀ mú gan-an kí a tó lè kà wọ́n. Moser fi ọwọ́ kúkúrú kan sí àárín, ọwọ́ náà yóò sì nàka sí àmì wákàtí: bí ó bá nàka sí márùn-ún, oṣù karùn-ún ni. Oṣù méjìlá, wákàtí méjìlá. Àmì tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ọjọ́ oṣù hàn gbàgàdà nínú fèrèsé kan, ó sì ń fò lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀gànjọ́ òru. Àmì tí ń sọ bóyá ọdún yìí ni oṣù kejì yóò ní ọjọ́ 29 ni wọ́n fi sẹ́yìn, nítorí pé ta ni ó nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún? Mo ka èyí sí ìpín iṣẹ́ tí ó tọ́ jùlọ nínú gbogbo aago tí a ti mẹ́nu bà. A tún lè yí kàlẹ́ńdà náà síwájú tàbí sẹ́yìn, agbára rẹ̀ sì tó ọjọ́ méje.

Parmigiani Fleurier Tonda PF GMT Rattrapante ti 2022 fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ọwọ́ wákàtí. Bí a kò bá rìnrìn àjò, ọwọ́ méjì péré ni ó wà lójú rẹ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì apá òsì, ọwọ́ òkè yóò fi wákàtí kan síwájú ní ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ wúrà kan yóò sì yọ lábẹ́ rẹ̀ tí yóò máa sọ àkókò ilé. Nígbà tí a bá padà dé, a ó tẹ bọ́tìnnì tí ó wà láàárín kókó ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ méjèèjì yóò sì tún papọ̀ di ọ̀kan. Bí a bá fi í wé Duoface, Parmigiani yára jù láti kà nítorí pé a ń rí àkókò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kò ní àmì ọ̀sán àti òru, ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà tó wákàtí méjìlá sì gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀.

Àwọn méjì kan wà tí mo fẹ́ kàn mẹ́nu bà. Chronomètre Optimum ti F.P. Journe, tí ó jáde ní 2012, ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí ń fò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ohun ẹwà ni, kì í ṣe ohun tí a óò máa kà. Credor Eichi II ti 2014, láti ọwọ́ Seiko ní Japan, fi àmì agbára tí ó kù sẹ́yìn kí ojú rẹ̀ tí a fi tánganran ṣe lè mọ́ kedere. Sípíríńgì ni ó ń gbé e ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kírísítálì quartz ni ó ń ṣètò ìyára rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rọ tí kò ní iná mànàmáná kankan nínú yóò fi í sílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó sanwó

Nítorí pé ohun tí a ń sanwó lé lórí kò hàn lójú, ẹ̀yìn aago ni kí a kọ́kọ́ wò, pẹ̀lú dígí ìwonǹkan-kékeré, kí olùtà sì jẹ́ kí a lo gbogbo iṣẹ́ náà níṣojú rẹ̀: kí chronograph bẹ̀rẹ̀ kí ó sì padà sí òdo gẹ́lẹ́, kí ilé Reverso yọ̀ láìhá kí ó sì dí pa láìmì, kí ọwọ́ méjì ti Parmigiani bo ara wọn mọ́lẹ̀ débi pé kò sí etí wúrà kankan tí ó yọ síta. Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ irin tí kò ní dígí, bí ti àwọn minute repeater kan, ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ àtúnṣe ni ojú tí a ní, a kò sì gbọdọ̀ ra èyí tí kò ní wọn.

Kí a bèèrè ibi tí àtúnṣe ti lè wáyé. Ẹ̀wọ̀n tí ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ 636 àti sípíríńgì méjì inú tourbillon kì í ṣe iṣẹ́ aláago èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò padà sí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n, wọ́n sì lè pẹ́ níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ní ti Moser tí a bá rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti lò ó rí, kí a dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí a sì fi àmì ẹ̀yìn wé ọdún tí a wà, nítorí pé bí ẹni tí ó tún un tò bá ti ṣi ọdún yẹn mú, gbogbo ohun tí ó wà níwájú yóò máa péye títí di ọjọ́ 28 oṣù kejì, ìgbà yẹn ni àṣìṣe náà yóò tó hàn.